Ojú Ọ̀nà Bàbá Láti Ìdí Àga Dé Ojú Fèrèsé

Ṣé iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí, Bàbá? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má kàn máa mi orí. Èmi tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ onípákó ṣe, tí mo kọ́ ọ dójú àmì, tí gbogbo àdúgbò yìí mọ̀ mí sí Ìyá Onípákó, ṣé kí n máa fa àgbàlagbà lọ́wọ́ láti ìdí àga dé ojú fèrèsé ni, kí n dúró kí ó yá oòrùn tán, kí n tún fà á padà sídìí àga, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ìrìn? Ẹ rọra, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀tún, Bàbá. Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lánàá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe níjẹta, ìyàwó ọmọ yín sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni màá máa ṣe é lọ títí ẹ ó fi mọ pálọ̀ yín padà. Ẹ̀yin tí ẹ wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun orí yín fi funfun, tí ẹ kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pálọ̀ ló wá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Rárá, mi ò bá yín jà. Ṣé mo tó bá yín jà ni? Inú ló ń bí mi, inú tó ń bí mi yẹn náà ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ sì wà nítòsí. Ta ni ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ fún? Ògiri? Ògiri tí ẹ̀yin fúnra yín kí káàárọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà. Ta ló pè mí wọ ilé yìí? Ṣé èmi ni mo wá kan ilẹ̀kùn yín ni? Ìyàwó ọmọ yín ló pè mí. Ó ní, Ìyá Onípákó, ẹ wá wo bí ilẹ̀ mi ṣe rí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá kí mi, ojú ń tì mí. Ó ní etí ògiri gbogbo ti dúdú, àárín wá ṣí sílẹ̀ bí orí apárí. Ó na ìka, láti ìdí àga yín yìí lọ gbọnrangandan dé ojú fèrèsé, ibi tí pólíìṣì ti họ tí pákó ti jáde síta. Ó ní ó dà bí ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń tọ̀, òun ò fẹ́ rí i mọ́. Mo ní, Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀nà ewúrẹ́ yìí á di dígí. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Iṣẹ́ yẹn, Bàbá, ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ. Mo fi orúnkún mi méjèèjì kúnlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha ìda àtijọ́ tó ti dì pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, ìda tó dúdú bí èéfín ìdí ìkòkò. Mo mú sándípépà, mo ń fi í tọ ìlà igi, mi ò dá a lábùú, nítorí tí èèyàn bá dá a lábùú, bí oòrùn bá ti wọlé báyìí ni gbogbo àléébù rẹ̀ á máa pariwo. Mo fi àkísà tútù nu eruku rẹ̀. Mo fi òróró pa á, mo jẹ́ kó mu ún tẹ́rùn. Mo wá gbé ìda oyin, mo fi ń kùn ún díẹ̀díẹ̀, mo ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo ń nù ún, apá mi ń kú, mo ń nù ún, títí mo fi rí obìnrin kan tó ń wò mí láti inú ilẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Níbo wá lẹ wà nígbà tí mo ń ṣe gbogbo èyí? Ẹ sọ fún mi. Ẹ wà níbí. Orí àga yìí gan-an lẹ jókòó sí, ẹ ká ẹsẹ̀ yín méjèèjì sókè kí n lè rí abẹ́ wọn ṣe. Ẹ tiẹ̀ bi mí léèrè. Ẹ ní, "Ìyá, ibo lò ń ha báyìí?" Mo ní ojú ọ̀nà fèrèsé ni, Bàbá. Ẹ ní, "Ẹn-ẹ́n." Ẹn-ẹ́n nìkan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà wà nínú pálọ̀ o, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó ní ẹn-ẹ́n. Ẹ ní kí lẹ ò bá wí? Ẹ ò bá wí pé, Ìyá, fi ibẹ̀ sílẹ̀, ibi tó họ yẹn lẹsẹ̀ mi fi ń mọ̀nà. Ó parí. Ǹ bá gba ibòmíràn lọ, ǹ bá bá ìyàwó ọmọ yín sọ ọ́. Ẹ rò pé màá fi yín rẹ́rìn-ín ni? Àbí ẹ ò fẹ́ kí ó mọ̀ pé ojú yín ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, tiyín ò tiẹ̀ mì rárá, ṣùgbọ́n èmi ni inú ń run.

Ó dáa. Wọ́n mú yín lọ sí yàrá kí ilẹ̀ yẹn lè gbẹ. Nígbà tó gbẹ tán, ẹ mọ bí ilé yìí ṣe rí? Ìyàwó ọmọ yín di ọmọdé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọ ilé ara rẹ̀, ó ní òun ò lè tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àlejò ló ń bọ́ bàtà síta. Lọ́yà tó ń gbé lókè yìí wá, ó bọ́ tiẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu ní ọmọ ìka, kò bìkítà, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́. Dókítà eyín tó ń gbé ilé kejì wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo eyín ara rẹ̀ nínú pákó, ó ní bí mo bá ti ṣe tán níbí, ọ̀dọ̀ òun ló kàn. Ìyàwó ọmọ yín dì mọ́ mi lójú gbogbo wọn, ó ní èèyàn òun ni mí. Mo ti di ẹbí láìmọ̀.

Ó wá ku kí wọ́n mú yín jáde láti yàrá padà sí pálọ̀. Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ dìde bí ẹ ṣe máa ń dìde, kò sẹ́ni tó fura. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, kò rí i. Ibi tó họ ti dán, ibi tó ń dán tẹ́lẹ̀ tún dán sí i, gbogbo rẹ̀ ti jọra. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ dúró síwájú ògiri, ẹ na ọwọ́ láti ṣí fèrèsé, ẹ sì ń kí àwọn tó ń kọjá ní títì. Ògiri ò jẹ́ yín. Ọjọ́ kejì ẹ yà sósì, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lẹ bá pàdé, gbogbo ife tíì tí wọn ò fi mu tíì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n, wọ́n fọ́ túútúú. Ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè? Èmi náà ni. Èmi tí mo jẹ́ èèyàn òun ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, mo ti di "obìnrin yẹn."

Wọ́n to àga kalẹ̀ bí ilé ẹjọ́. Ọmọ yín jókòó, ìyàwó rẹ̀ jókòó, èmi dúró, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Ọmọ yín bọ́ awò ojú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní inṣọ́ránsì ló ń ṣe, ó ní ṣé mo ní ìbánigbófò lórí iṣẹ́ mi. Mo ní orúnkún méjì ni mo ní. Ó ní rárá, ohun tí òun ń bi mí ni pé bí iṣẹ́ mi bá ṣe èèyàn léṣe ńkọ́. Mo ní iṣẹ́ mi ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kọ́bọ́ọ̀dù ló wà lójú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mo ní ojú ọ̀nà Bàbá náà ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ta ló ní kí n pa á rẹ́? Ló bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wá ní kí n ṣe? Ó ní kí n dá ojú ọ̀nà Bàbá padà. Mo ní kí n ṣe kí ni? Ó ní kí n ha á padà, kí ẹsẹ̀ Bàbá lè dá a mọ̀. Mo ní á họ padà bó ṣe họ tẹ́lẹ̀ o, Màdáámù. Ó ní rárá, kó má họ, kó ṣì máa dán. Ẹ gbọ́ yẹn, Bàbá. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ yín á mọ̀ tí ojú àlejò ò ní rí. Kó họ, kó sì máa dán, lórí pákó kan náà. Mo ti ṣe ilẹ̀ ilé adájọ́, mo ti ṣe ti ilé ìjọsìn, Ọlọ́run pàápàá ò rán mi ní irú iṣẹ́ yẹn rí.

Mo ní ẹ jẹ́ ká fi téèpù lẹ ojú ọ̀nà náà, ó ní pálọ̀ òun kì í ṣe títì mọ́tò. Mo ní ká tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí wá ni èrè dídán bí wọ́n bá fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo ní ká ta okùn láti ìdí àga dé fèrèsé kí Bàbá máa dì í mú lọ, ó wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n so yín mọ́lẹ̀. Ọmọ yín wá mú ọgbọ́n tiẹ̀ wá, ó ní kí gbogbo ilé máa fi bàtà líle rìn ín láràárọ̀ títí á fi họ fúnra rẹ̀. Ó dìde, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí ìpàdé máa tú, èmi gan-an ni wọ́n sọ di ojú ọ̀nà. Wọ́n ní kí Ìyá Onípákó máa wá fà yín láràárọ̀, ọmọ yín á máa wálé lọ́sàn-án wá wò ó bóyá ẹ ti ń dá rìn.

Ẹ ní kí ló dé tí mo gbà? Nítorí orúkọ ni, Bàbá. Kí ni mo ní lẹ́yìn orúkọ? Ẹnu ìyàwó ọmọ yín yẹn, bó bá bọ́ síta, kò mọ ilé. Dókítà eyín ti ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n dúró ná, kí ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn yanjú. Lọ́yà pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó kí mi bí ẹni ń kí ọ̀daràn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní ìda tí mo fi kun ilẹ̀ ló ń yí àgbàlagbà lórí. Wọ́n ní ilẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn, ó ń ṣini lọ́nà. Èmi! Ìda oyin lásán-làsàn. Lánàá, tí ẹ tún lọ fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn lójú ọmọ yín, ìyàwó rẹ̀ ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, òun á pe ẹlòmíràn wá ha gbogbo rẹ̀ kúrò, òun á sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ẹ ò rí i pé ó ti tán fún mi nìyẹn? Ta ló máa gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ní ó fi ìda ba bàbá oníbàbá jẹ́?

A ti dé. Fèrèsé nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ máa yáàrùn yín. Ẹ jẹ́ kí n nu ibi tí tíì àárọ̀ yín kán sí yìí, mi ò lè rí i kí n fi í sílẹ̀, àìsàn iṣẹ́ ni. Ẹ̀ẹ́n, ẹ máa gbọ́ mọ́tò yín. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó bú ilẹ̀ náà pé kò dára. Kò sí! Bó bá ṣe pé ó ní àbààwọ́n, ǹ bá gbà. Dídán ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó dán, ó dán, ó di ẹjọ́. Ẹni tó bá ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó bá kó o kì í gbàgbé, èmi ni mo sì ń kó o káàkiri ilé àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí wá, ẹ jẹ́ kí n fún àkísà yìí, ibo ni mo tiẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí?

Bàbá.

Bàbá, ta ló mú yín dé ìdí àga?

Èmi kọ́. Mo kọ ẹ̀yìn sí yín, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú fèrèsé ni mo fi yín sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi sì nìyí, àárín ọ̀nà gan-an ló wà, mi ò sọ fún yín pé mo gbé e síbẹ̀, ẹ ò kọlù ú, omi inú rẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Ṣé ẹ fò ó ni? Ẹ ní òórùn ọṣẹ ni ẹ gbọ́, lẹ bá yà fún un. Ó dáa. Àga ńkọ́? Ẹ ní bí oòrùn bá ti wà lẹ́yìn ọrùn yín, àga ló wà níwájú, bó bá sì wà lójú yín, fèrèsé ni. Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó? Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni? Ẹ má yí ojú, ojú yín ò ríran, ó yẹ kí ẹ lè wo èèyàn lójú. Láti ìgbà wo, Bàbá?

Ẹ ní láti ọjọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù ti fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Ilẹ̀ náà ni mo jókòó sí, ó mọ́. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyí. Gbogbo "ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún" tí mò ń wí, tí ẹ ń gbé òsì fún mi. Èjìká tí ẹ fi gbá férémù lánàá, mo mọ̀ pé gbígbá yẹn jẹ́jẹ́ jù, mo ní àgbà ló kúkú rọra rìn. Ẹ̀tàn ni! Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín, Bàbá? Ṣé mo fi sándípépà ha yín lẹ́sẹ̀ ni? Ẹ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ mi gbálẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, ẹ jókòó, ẹ ní ẹn-ẹ́n, ẹ sì mọ ọ̀nà. Bí mo bá gbé yín ṣépè báyìí, ta ló máa dá mi lẹ́bi? Mi ò ní gbé yín ṣépè. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ ní ó ń wálé.

Ta ló ń wálé? Ọmọ yín. Ẹ̀n. Ẹ ní tẹ́lẹ̀ ó máa ń jáde kí ẹ tó jí, á wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ dùbúlẹ̀. Ẹ ní ẹ máa ń gbọ́ tó bá ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé Bàbá ńkọ́, kò ní dúró gbọ́ èsì. Ní báyìí ó ń wálé lọ́sàn-án. Ó ń di ọwọ́ yín mú. Ó ń bi yín pé ṣé ibẹ̀ dùn yín. Ẹ ní níjẹta ó jókòó síbi apá àga yìí, ó ní kí ẹ sọ fún òun nípa ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ kọ́kọ́ wa, irú ariwo tó máa ń pa lórí òkè. Ẹ ní kò béèrè rí láti kékeré. Ẹ ní bí ẹ bá ń rìn geere, kí ni á tún máa wá wò?

Áà, Bàbá. Ẹ fẹ́ pa mí. Ó dùn mí, mi ò sì fẹ́ kó dùn mí, nítorí inú ló yẹ kó ṣì máa bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Kí n mú àkísà nu ojú mi, eruku ló bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọmọ yín ń wálé, orúkọ mi ń jáde lọ. Mo lè lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnì báyìí kí n sọ gbogbo rẹ̀, ó tó mi sọ, àbí kò tó? Kò ní dùn ún bó ṣe dùn mí. Á pe gbogbo ilé, á ní Bàbá ń ṣe eré orí ìtàgé. Ẹ má mi orí, mi ò tíì lọ. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ fún ọmọ yín pé, máa wálé wá bá mi jókòó? Ó wúwo lẹ́nu yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń bú àwọn awakọ̀ títì láti ojú fèrèsé tí wọ́n ń gbọ́ yín dé ìkóríta? Ẹ ní bó bá ní òun ò ráyè ńkọ́. Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò lè búra fún yín. Ọmọ kan wà nílé tèmi náà tí kì í ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bú férémù ilẹ̀kùn nítorí yín, tó ń fọwọ́ pa yín léjìká, mi ò rò pé ìyẹn á pa yín tì nítorí pé ẹ lè rìn.

Ẹ ní kí ni? Mọ́tò rẹ̀ ni? Ọ̀sán ti tó? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ní ó ti yà wọ ẹnu ọ̀nà. Mo wá gbọ́ ọ báyìí, etí yìí kì í ṣe etí èèyàn.

Ẹ gbọ́ mi kíákíá. Màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, màá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò ní fà yín, mi ò ní sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ náà ń bọ̀ láti kíṣìnì, mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹ dìde. Ẹ gba orí pákó mi kọjá bí awakọ̀ tí ẹ jẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ rí i, kí lọ́yà tó wà lókè gbọ́ ọ, kí dókítà eyín gbọ́ ọ láti ilé kejì. Ẹ má yà síbi ògiri. Ẹ má fi èjìká gbá férémù. Ẹ tọ ohùn rẹ̀ lọ gbọnrangandan. Bó bá sì wá di dandan kí ẹ kọlu nǹkan lónìí, Bàbá, ọmọ yín ni kí ẹ kọlù, kí ẹ sì dì í mú.